Àwọn Ẹyẹ Arìnrìn-àjò ní Kàdúná: Ìtàn Tó Jọ Tiwa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láìfara kan ara. Òwe yìí bá àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé Kàdúná mu, àwa tí àwọn bàbá wa ń bá reluwé wá láti ìgbà tí ojú irin Èkó ti dé Kánò ní 1912. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹyẹ gan-an la fẹ́ sọ lọ́dún yìí, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí ìlú yìí ni kò lè dárúkọ ẹyẹ mẹ́ta lédè Yorùbá.

Oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni kí ẹ máa gbójú sókè. Ní àsìkò yìí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, òtútù sì ń bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Kòkòrò tí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń jẹ á wọ́n lọ́hùn-ún, ẹyẹ náà á sì gbéra. Kò wúwo ju nǹkan bí gíráàmù 20 lọ, síbẹ̀ yóò fo òkun, yóò sì la aginjù Sàhárà já kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Látijọ́, àwọn òyìnbó kò mọ ibi tí ẹyẹ wọn ń lọ. Àwọn kan gbà pé abẹ́ omi ni alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń sùn sí títí òtútù yóò fi lọ. Ní 1822, wọ́n rí ẹyẹ funfun ńlá ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan ní Klütz, ní Jámánì, tí ọ̀kọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà gún lọ́rùn. Ó gbé ọ̀kọ̀ náà fò padà sílé! Ó wà ní Yunifásítì Rostock di òní. Ní 1911, John Masefield so òrùka mọ́ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan lẹ́sẹ̀ ní England; ní ìparí 1912, wọ́n rí i ní Natal, ní South Africa.

Ìtàn yìí kò yọ agbègbè wa sílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, Hilary Fry ṣe iṣẹ́ ìwádìí lórí ẹyẹ ní Zaria, ní Yunifásítì Ahmadu Bello. Òun àti J. H. Elgood, tó ti ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, pẹ̀lú R. J. Dowsett, kọ̀wé ní 1973 lórí àwọn ẹyẹ tó ń ṣí kiri nínú Áfíríkà fúnra rẹ̀. Ní 2001, wọ́n dá ilé-ìwádìí ẹyẹ A. P. Leventis sílẹ̀ ní igbó Amurum, lẹ́bàá Jos. Láti 2015, àwọn olùfẹ́ ẹyẹ káàkiri Nàìjíríà sì ti ń kọ ẹyẹ agbègbè wọn sílẹ̀ fún àwòrán-ilẹ̀ ẹyẹ orílẹ̀-èdè wa.

Nínú àwọn tó ń ṣí kiri nílẹ̀ wa níbí ni lékeléke wà, tí àwọn Hausa ń pè ní balbela. Lásìkò òjò, òkè Ọya níbí ló ń kọ́ ìtẹ́, tó ń tọ́ ọmọ. Bí koríko bá ti ń gbẹ, ó ń forí lé gúúsù. Ìdí nìyí tí àwọn ará ilé fi ń mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn dé bí wọ́n bá rí i. Kí àwa tó di ẹrù Kérésì, lékeléke ti ṣíwájú wa délé! Kò mọ síbẹ̀ o: láti ìparí àwọn ọdún 1800 ni lékeléke ti sọdá òkun dé Gúúsù Amẹ́ríkà, kó tó tàn dé Amẹ́ríkà níbi tí àwọn ọmọ wa wà lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a ronú sí i. Lékeléke ń bí ọmọ sí òkè Ọya, àwọn ọmọ náà sì ń mọ ọ̀nà gúúsù. Ǹjẹ́ àwọn ọmọ tiwa mọ ọ̀nà ilé? Bí wọn kò bá mọ orúkọ ohun tó ń fò lórí wọn, báwo ni wọn yóò ṣe mọ oríkì tiwọn?

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ mú àwọn ọmọ lọ sí etí odò Kàdúná láàárọ̀ Sátidé kan. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹyẹ tí wọ́n rí sílẹ̀, ní Yorùbá àti ní Hausa. Ẹ gba rọ́bà tí wọ́n fi ń ta ẹyẹ lọ́wọ́ wọn. Bí lékeléke bá kọ́ ìtẹ́ sórí igi àdúgbò, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gé e nítorí ìdọ̀tí rẹ̀, torí àlejò tí a lé lónìí lè má padà wá lámọ̀dún.

Kí Ọlọ́run dá ẹyẹ sí, kó dá àwa náà sí, kí a máa lọ ní àlàáfíà, kí a máa bọ̀ ní àlàáfíà. Àmín.