Èròjà Amúsẹ́ẹ̀lìdàgbà àti Híhù Eyín

Èròjà amúsẹ́ẹ̀lìdàgbà ni àwọn purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì kan fi ń ránṣẹ́ sí òmíràn pé kí ó pọ̀ sí i tàbí kí ó yí padà. Eyín ọmọ eku ló ṣí ojú àwọn onímọ̀ sí ọ̀kan pàtàkì nínú wọn.

Ní àwọn ọdún 1950, Rita Levi-Montalcini àti Stanley Cohen ń wádìí èròjà tí ń mú iṣan ìmọ̀lára dàgbà ní Yunifásítì Washington, ní St. Louis, Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé ó pọ̀ nínú ẹṣẹ́ itọ́ akọ eku. Nígbà tí Cohen gún àwọn ọmọ eku tuntun ní abẹ́rẹ́ oje ẹṣẹ́ náà, ojú wọn là ní nǹkan bí ọjọ́ keje dípò ọjọ́ kejìlá sí ìkẹrìnlá, eyín iwájú wọn sì yọ ṣáájú àkókò. Èròjà mìíràn ló fà á. Cohen yà á sọ́tọ̀ ní Yunifásítì Vanderbilt, ó sì kéde rẹ̀ ní 1962. EGF ni à ń pè é lónìí. Àwọn méjèèjì gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1986.

Nínú oyún ènìyàn, eyín ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà. Awọ inú ẹnu á nípọn, á sì rì sínú ẹran abẹ́ rẹ̀; awọ á ránṣẹ́, ẹran á fèsì. Ní 1993, Irma Thesleff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Helsinki fi hàn pé èròjà BMP4 nìkan lè ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ tí awọ ń ṣe lára ẹran náà. Láti ara awọ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ameloblast ti ń jáde, tí wọ́n ń ṣe ìpele líle tó bo eyín. Láti ara ẹran ni odontoblast, tí ń ṣe egungun eyín tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kí eyín tó yọ tán ni iṣẹ́ ameloblast ti parí, tí wọ́n sì ti kú. Ìdí nìyí tí ìpele líle náà kì í fi í hù padà bó bá jẹrà.

Bí ìránṣẹ́ náà kò bá dáwọ́ dúró, àrùn ni. Ameloblastoma, kókó àgbọ̀n tó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Díẹ̀díẹ̀ ló ń dàgbà, kì í sì í tètè dunni, nítorí náà ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í dé ilé ìwòsàn títí ojú wọn yóò fi wú, tí a ó sì ní láti gé eegun àgbọ̀n. Ní 2014, àwọn olùwádìí rí àbùkù nínú jíìnì BRAF lára ọ̀pọ̀ irú kókó bẹ́ẹ̀. BRAF wà lára ohun tí ń gbé iṣẹ́ èròjà amúsẹ́ẹ̀lìdàgbà kiri inú sẹ́ẹ̀lì. Bí ó bá ní àbùkù yìí, sẹ́ẹ̀lì á máa pọ̀ láìsí ẹni tó rán an. Oògùn tí ń dí BRAF alábùkù lọ́wọ́ ti mú kókó náà súnkì lára àwọn aláìsàn kan. Síbẹ̀, iṣẹ́ abẹ ṣì ni ìtọ́jú pàtàkì, bí a bá sì tètè rí kókó náà, eegun tí a ó gé á kéré.