Kí ló wà nínú ìwé ẹ̀hónú táwọn ọ̀dọ́ Black Panther kọ lọ́dún 1966?

Ọ̀pọ̀ wa mọ Black Panther sí àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó dé bẹ́rẹ́ẹ̀tì dúdú, tí wọ́n gbé ìbọn kọ́ èjìká. Ṣùgbọ́n ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ kọ. Ìwé yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí, torí ọgbọ́n wà nínú ẹ̀.

Ta ló kọ ọ́?

Huey Newton àti Bobby Seale ni. Merritt College nílùú Oakland, ní California, ni wọ́n ti pàdé. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1966, ẹni ọdún 24 ni Newton. Seale náà ò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ.

Kí ni wọ́n ń fẹ́?

Kókó mẹ́wàá ni. Wọ́n ń fẹ́ òmìnira, iṣẹ́, ilé tó ṣeé gbé, àti ẹ̀kọ́ tó máa sọ ìtàn wọn bó ṣe rí gan-an. Wọ́n ní kí wọ́n má fipá mú aláwọ̀ dúdú wọṣẹ́ ológun mọ́. Ogun Vietnam ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Kókó keje ní kí ọlọ́pàá yéé lu aláwọ̀ dúdú, kí wọ́n sì yéé pa wọ́n.

Bí wọ́n bá ti sọ ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n á sọ ìdí ẹ̀ tẹ̀ lé e. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀ ni wọ́n sì máa ń tọ́ka sí.

Ibo ni ìkéde òmìnira ti wọ̀ ọ́?

Ní ìparí kókó kẹwàá, wọ́n da ọ̀rọ̀ inú Ìkéde Òmìnira Amẹ́ríkà ti ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1776 kọ síbẹ̀. Ìkéde yẹn ka ẹ̀sùn sí ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́rùn. Ó ní ọgbọọgba ni a dá gbogbo èèyàn, àti pé aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti yí ìjọba tó ń ni wọ́n lára padà. Thomas Jefferson tó kọ ọ́ ní ẹrú tó lé ní 600 láyé ẹ̀. Ẹnu òfòrò ló ń pa òfòrò: ọ̀rọ̀ tí ìjọba ń fi yangàn ni wọ́n fi bi í léèrè.

Ṣé àwọn ló kọ́kọ́ ṣe é?

Rárá o. Lóṣù Keje ọdún 1848, ní Seneca Falls, New York, Elizabeth Cady Stanton, ẹni ọdún 32, lo ìkéde kan náà láti bèèrè ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin. Ibi tí Jefferson ti dárúkọ ọba, ọkùnrin ni wọ́n fi síbẹ̀. Ọgọ́rùn-ún èèyàn ló buwọ́ lù ú.

Kí ló ti ẹ̀yìn ẹ̀ yọ?

Ní oṣù Kìíní ọdún 1969, ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ iléèwé lóúnjẹ àárọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Oakland. Lọ́dún 1972, wọ́n tún ìwé náà kọ, wọ́n fi ìtọ́jú ìlera ọ̀fẹ́ kún un. FBI ò fún wọn nísinmi, ìjà abẹ́lé náà wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ sì tú ká lọ́dún 1982.

Ìwé náà ṣì wà, ẹnikẹ́ni sì lè kà á. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ tiyín, ẹ kọ́kọ́ wá ìwé tí ìjọba yín fi búra. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.