Bí Ìwé Bá Di Fíìmù, Ta Ló Ni Ìtàn?

Ẹni tí ó bá jókòó ti àwọn olólùfẹ́ fíìmù, yálà ní Àjàó Estate l'Ékòó tàbí ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, yóò gbọ́ àríyànjiyàn kan tí kì í tán: èwo ló dùn jù, ìwé ni àbí fíìmù tí wọ́n fà yọ láti inú rẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Ní 1970, Francis Ọládélé gbé fíìmù Kongi's Harvest jáde láti inú eré oníṣe tí Wọlé Ṣóyínká kọ. Ossie Davis, òṣèré aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ni olùdarí rẹ̀. Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ló kó ipa Kongi, síbẹ̀ ó kọ fíìmù náà ní gbangba nígbà tí iṣẹ́ parí. Bàbá ọmọ wà níbi ìsọmọlórúkọ, orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ọ̀nà mìíràn ni Túndé Kèlání gbà. Nígbà tí ó dá iléeṣẹ́ Mainframe sílẹ̀ ní 1991, ó fa àwọn òǹkọ̀wé mọ́ra. Òun àti Akínwùmí Ìṣọ̀lá sọ Kò Ṣeé Gbé di fíìmù àgbéléwò ní 1995. Ó Le Kú, ìwé ìtàn àròsọ tí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1974, tẹ̀ lé e ní 1997. Fíìmù yìí dá író tí kò kọjá orúnkún padà sí òde àríyá, àwọn obìnrin sì ń pe aṣọ náà ní ólekú. Àwọn kan yọ̀ pé ìwé ti rí ẹ̀mí tuntun. Àwọn mìíràn ráhùn pé aṣọ ti gba ojú lọ́wọ́ ìtàn, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ mọ ólekú láìmọ Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ tí ìfẹ́ obìnrin mẹ́ta há mọ́ lọ́rùn.

Ní ti Ṣaworoidẹ ti 1999, fíìmù ló ṣáájú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ìṣọ̀lá sọ ọ́ di ìwé. Ìṣọ̀lá kú ní 2018.

Ní 2022, wọ́n tún gbé eré Ṣóyínká mìíràn, Death and the King's Horseman, sínú fíìmù Ẹlẹ́ṣin Ọba. Biyi Bandele tí ó darí rẹ̀ kú kí ayé tó wò ó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Ṣóyínká fi kọ eré náà ní 1975. Yorùbá ló pọ̀ jù lẹ́nu àwọn òṣèré fíìmù náà. Ìtàn tí ó ti Ọ̀yọ́ wá, tí ó wọ inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ti inú fíìmù padà sí èdè tí wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó yẹ kí àwọn tí ń jiyàn rántí èyí kí wọ́n tó pín ìtàn fún ẹnì kan ṣoṣo.