Ọdún Àkọ́kọ́ Nídìí Òwò: Ẹ̀kọ́ Lára Ẹfúnróyè Tinúbú



Àwọn ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pàtẹ ní Iyere máa ń bi wá pé, "Màmá, báwo lèmi náà á ṣe dúró?" Ìtàn Ìyálóde Tinúbú ni mo fi ń dáhùn.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni. Nídìí òwò ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tó bá ọkọ rẹ̀, Ọba Adélé, dé Àgbádárìgì, ó wo ohun tí àwọn ará òkè ò ní: iyọ̀ àti tábà etí òkun. Ìyẹn ló ń kó ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta. Owó ń gun orí owó, títí ó fi di alágbára l'Ékòó. Wọ́n lé e kúrò níbẹ̀ ní 1856, àmọ́ òwò rẹ̀ ò kú. Ní 1864, Ẹ̀gbá fi í jẹ Ìyálóde. Ó kú ní 1887.

Ṣùgbọ́n ká má purọ́: ó ta ènìyàn pẹ̀lú. Èrè yẹn kì í ṣe èyí tí à ń kọ́ ọmọ.

Èmi, lọ́dún àkọ́kọ́ mi, ohun tí gbogbo ìsọ̀ ń tà lèmi náà ń tà. Mo ń tà láwìn, mo sì ń jẹ owó ọjà mọ́ èrè. Kí ọdún tó pé, igbá ti ṣófo. Owó àjọ ẹgbẹ́ yìí ló gbé mi dìde.

Ọmọ mi, wo ohun tó wọ́n, má jẹ owó ọjà, má dá nìkan rìn.

Ọjà á tà o!