Akọrin

A, kọ, orin: ẹni tó ń fi ohùn rẹ̀ kọrin. «Kọ» ló ń da ọ̀rọ̀ rú, torí a ń kọ ìwé, a sì ń kọ orin. Àwọn kan wá ń ṣì pe ẹni tó to orin jọ ní akọrin, bẹ́ẹ̀ aṣẹ̀dá orin lonítọ̀hún. Ayọ̀ Bánkọ́lé (1935–1976), olùkọ́ orin ní Yunifásítì Èkó, Akọkà, jẹ́ àpẹẹrẹ aṣẹ̀dá orin. Orí ìlà márùn-ún tí a ń kọ àmì orin sí ló máa ń to ohùn sí. Iṣẹ́ ńlá ni, nítorí bí orin Yorùbá bá ṣi ohùn ọ̀rọ̀ gbé, ọkọ á di ọkọ́ lẹ́nu akọrin. A lè wá sọ pé: «Akọrin wa ò lè wá lónìí, àmọ́ aṣẹ̀dá orin náà wà ní ìjókòó.» Olórin tún yàtọ̀: ẹni tó fi orin ṣiṣẹ́ jẹun. Fẹlá jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: akọrin, aṣẹ̀dá orin àti olórin.