Nígbà tí Àwọn Oníkàbà Ró Aṣọ: Ọgọ́rin Ọdún Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Ìgbẹsà, tó gba Lùsàdà àti Àtàn dé Ọ̀tà, tó sì já sí títì Abẹ́òkúta ní Sàngó, ọ̀nà àwọn aláròóbọ̀ ló ń tọ̀. Gaàrí àti ìrẹsì ti ń gba ibẹ̀ kọjá kí ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó dé. Láyé ìjọba òyìnbó, ẹkùn Ẹ̀gbá ni wọ́n ka Ọ̀tà mọ́, nítorí náà ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní Aké kì í pẹ́ dé etí àwa ará Àwórì. Ẹgbẹ́ tí àwọn obìnrin dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1946 kan àwa náà. Ní 2026 ló pé ọgọ́rin ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n fà á láti ẹ̀yìn díẹ̀. Ní 1856, Benjamin Campbell tó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó lé Ẹfúnróyè Tinúbú kúrò nílùú, torí pé agbára obìnrin náà ti ju ohun tí òyìnbó lè fara mọ́. Tinúbú ti ṣòwò ní Àgbádárìgì kó tó di ẹni ńlá l'Ékòó. Abẹ́òkúta ló forí lé. Nígbà tí ogun Dahomey kojú ìlú náà ní 1864, ó pèsè ohun ìjà fún àwọn jagunjagun, àwọn Ẹ̀gbá sì fi í jẹ Ìyálóde. Oyè yẹn kì í ṣe oyè ẹ̀yẹ lásán: Ìyálóde a máa sọ̀rọ̀ níbi tí àwọn àgbà ìlú bá ti ń gbìmọ̀. Nígbà tó yá, òyìnbó kó gbogbo àṣẹ lé Aláké, ọba Ẹ̀gbá, nìkan lọ́wọ́, wọ́n ti Ògbóni àti àwọn olóyè ọjà tí à ń pè ní Pàràkòyí sẹ́yìn, wọn ò sì wá Ìyálóde mọ́. Wọ́n ní ìṣèjọba ìbílẹ̀ ni. Ìbílẹ̀ ta ni?

Láti 1918 ni obìnrin Ẹ̀gbá ti ń san owó orí. Bí ọmọbìnrin bá ti pé ọdún 15, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọkùnrin ń dúró di 16. Ìyàwó ilé ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀, ọkọ ń san tirẹ̀, síbẹ̀ kò sí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná owó náà.

Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tó ṣáájú ẹgbẹ́ náà, wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Abẹ́òkúta Grammar School, ní 1914. Ó lọ kàwé ní ìlú òyìnbó láti 1919 sí 1922. Frances Abigail ni orúkọ tó gbé lọ. Ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà tó fojú rí níbẹ̀ wà lára ohun tó mú un jù ú nù kó tó délé. Ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ kó jọ kò jọ ti ajìjàgbara rárá. Àwọn ìyàwó olùkọ́ àti àwọn Kristẹni olówó ọwọ́, àwọn oníkàbà, ló wà nínú Ladies' Club: wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń kọ́ ọmọge ní ìmọ́tótó àti bí a ṣe ń gbàlejò. Ìgbà tí obìnrin ọlọ́jà kan ní òun fẹ́ mọ̀wé kà ni nǹkan yí padà. Wọ́n ṣí kíláàsì fún àwọn ọlọ́jà, ibẹ̀ sì ni àwọn oníkàbà ti gbọ́ ohun tí wọn ò gbọ́ rí: pé àwọn agbófinró ń gba ìrẹsì lórí obìnrin lójú ọ̀nà, wọ́n ní torí ogun Hitler ni, wọn ò sì sanwó tó nítumọ̀. Ẹgbẹ́ náà gbé ọ̀rọ̀ dé ilé ìwé ìròyìn. Kò pẹ́ tí ìjọba fi dẹwọ́.

Ní oṣù kẹta 1946, Ladies' Club di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, ẹnu ọ̀nà sì ṣí fún àwọn ọlọ́jà aróṣọ. Lójú tèmi, ibí ni ọgbọ́n wọn wà. Ransome-Kuti bọ́ kàbà sílẹ̀, ó ró ìró, ó wé gèlè, ó ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣe bákan náà kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ ẹni tó kàwé yàtọ̀. Yorùbá ló ń sọ ní gbangba, títí kan iwájú àwọn ajẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́, kó lọ wá ògbufọ̀. Àwọn tó ń san owó ẹgbẹ́ wọ 20,000. Wọ́n tún gba akọ̀wé-ìṣírò láti yẹ ìwé owó Aláké wò, ohun tí kò sẹ́ni tó ronú kàn pé obìnrin ọlọ́jà lè ṣe sí ọba.

Nígbà tí ìjọba kọ̀ láti fún wọn ní ìwé àṣẹ ìwọ́de, wọ́n ní ìgbafẹ́ làwọn ń lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì jáde lọ "gbafẹ́". Nínú ọgbà ilé Ransome-Kuti ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń fi aṣọ bo imú àti ojú bí ọlọ́pàá bá yin tajútajú. Ní ìparí oṣù kọkànlá 1947, ó lé ní 10,000 obìnrin tó dó ti ààfin Aké, wọ́n sùn síbẹ̀, wọ́n ń fi orin bú Aláké Adémọ́lá Kejì. Wọ́n tún padà lọ ní 8 Oṣù Kejìlá. Wọ́n ní àwọn ò ní kúrò àfi bí wọ́n bá tú àwọn tí wọ́n tì mọ́lé torí owó orí sílẹ̀, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀. Wọlé Ṣóyínká, ọmọ ọdún 13 nígbà náà, wà lára àwọn tó ń jẹ́ iṣẹ́ fún wọn. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú. Nínú ìwé rẹ̀, *Aké*, ó ròyìn bí ajẹ́lẹ̀ kan ṣe pàṣẹ pé kí Ransome-Kuti pa àwọn obìnrin rẹ̀ lẹ́nu mọ́, tí màmá náà sì bi í bóyá bó ṣe ń bá ìyá tó bí i sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn tàn ká ìlú lọ́jọ́ náà, torí òyìnbó kì í retí pé aláwọ̀ dúdú máa dá a lóhùn, áńbọ̀ǹtórí obìnrin.

Àwọn Ògbóni náà kẹ̀yìn sí ọba. Ní 29 Oṣù Keje 1948, Aláké fi ìlú sílẹ̀ lọ sí Òṣogbo. Wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀ fìdíhẹ tó ń ṣàkóso Ẹ̀gbá. Ní ìparí 1950 ọba padà sórí oyè, ìyẹn sì dun àwọn kan wọra. Kò yà mí lẹ́nu: owó orí ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà bá wá, wọn ò bá oyè Aláké jà.

Ní 1949 ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Nàìjíríà, ẹ̀ka rẹ̀ sì tàn dé òkè ọya, níbi tí wọn ò ti jẹ́ kí obìnrin dìbò. Ìjọba gba ìwé ìrìnnà Ransome-Kuti nígbà tó yá, wọ́n ní ó ń bá àwọn Kọ́múníìsì rìn. Amẹ́ríkà náà kò jẹ́ kó wọlé. Ó kú ní 13 Oṣù Kẹrin 1978, lẹ́yìn tí àwọn sójà ya wọ ilé ọmọ rẹ̀, Fẹlá, ní oṣù kejì 1977. Fíìmù Bọ́láńlé Austen-Peters ti gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ báyìí, ó sì dùn wò. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi pe fíìmù náà, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn aróṣọ tó sùn ní Aké lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ní ti àwọn obìnrin òkè ọya, ọdún 1976 ni ìjọba ológun fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ ìdìbò. 1979 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ka.