Wi-Fi ò dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yín? Ẹ wo bí ẹ ṣe lè yanjú ẹ̀ láì jẹ́ kí wáyà hàn káàkiri ilé

Ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ gan-an nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ní pálọ̀ ìsàlẹ̀, Wi-Fi ń sáré dáadáa. Tí ẹ bá gòkè lọ sí yàrá, fídíò á bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbirigbiri, ìpè WhatsApp á máa já. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní dátà ni ò tó, wọ́n á lọ ra òmíràn sí i. Àwọn mìíràn á ra ráútà olówó ńlá, síbẹ̀ yàrá òkè ò ní yí padà.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ sanwó fún ń wọlé dáadáa. Ọ̀nà tó máa gbà dé òkè ni ò sí. Ọ̀nà yẹn ló yẹ kí ẹ wá kí ẹ tó náwó sí nǹkan mìíràn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ìṣòro wà

Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ráútà, kí ẹ fi fóònù yín wo bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe yára tó lórí fast.com tàbí speedtest.net. Lẹ́yìn náà, ẹ gòkè lọ, kí ẹ tún un wò nínú yàrá tó ń yọ yín lẹ́nu. Ẹ má wò ó ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ o, torí ó ń jẹ dátà.

Tó bá lọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà fúnra ẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ pè. Kò sí ohun tí ẹ máa rà sínú ilé tó máa tún ìyẹn ṣe. Àmọ́ tó bá yára nísàlẹ̀ tó wá kú lókè, ọ̀rọ̀ Wi-Fi inú ilé nìyẹn, ẹ máa bá wa ká lọ.

Kí ló ń dá Wi-Fi dúró?

Rédíò ni Wi-Fi, bíi èyí tí ẹ ń gbọ́ lórí FM. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé FM wà láàárín 88 sí 108 MHz, ìgbì ẹ̀ gùn tó nǹkan bíi mítà 3. Wi-Fi tó wọ́pọ̀ nínú ilé wà ní 2.4 GHz àti 5 GHz. Ìgbì ti àkọ́kọ́ ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12 lọ, ti ìkejì jẹ́ bíi 6. Agbára tí ráútà fi ń gbé e jáde kì í sì í sábà tó wáàtì kan.

Ògiri búlọ́ọ̀kù máa ń gba díẹ̀ lára ẹ̀. Dẹ́kìn ló wá le jù, torí kọnkéré tó nípọn ni, irin rọ́ọ̀dù sì kún inú ẹ̀. Táńkì omi, dígí ńlá ara ògiri, fíríìjì àti ilẹ̀kùn onírin náà ń dí i lọ́nà.

Ibi tí dẹ́kìn ti sábà máa ń là sílẹ̀ ni ojú àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ ni Wi-Fi máa ń rí gbà gòkè.

Ẹ gbé ráútà síbi tó yẹ, ọ̀fẹ́ ni

Ibi tó dáa jù ni ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, lórí nǹkan tó ga díẹ̀. Ẹ má gbé e sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ẹ má gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ má sì gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àmọ́ ó tún kù síbi tí íntánẹ́ẹ̀tì yín ti ń wọlé:

- Tó bá jẹ́ fáíbà, ẹ sọ fún àwọn tó wá fà á lọ́jọ́ náà pé kí wọ́n gbé e dé itòsí àtẹ̀gùn, kó má kàn parí sẹ́nu ilẹ̀kùn.
- Tó bá jẹ́ ráútà onísíìmù, ti 4G tàbí 5G, òun fúnra ẹ̀ gbọ́dọ̀ rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì òpó gbà. Ojú fèrèsé òkè tó kọjú sí òpó ló sábà máa ń dáa jù. Ẹ gbé e síbẹ̀, kí ẹ wá máa pín in wá sísàlẹ̀.
- Tó bá jẹ́ Starlink, tó dé Nàìjíríà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, orí ilé ni díìṣì ẹ̀ sábà máa ń wà. Ẹ jẹ́ kí ráútà ẹ̀ wà lókè, nítòsí àtẹ̀gùn.

Tí ráútà yín bá ní ẹ̀ríà, ìyẹn ìwo tó yọ lára ẹ̀, ẹ mọ̀ pé èyí tó nàró ń tan ìgbì sí ẹ̀gbẹ́ ju òkè lọ. Ẹ dá ọ̀kan dùbúlẹ̀, kó lè ran òkè àti ìsàlẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ rántí pé 5 GHz ló yára jù, ṣùgbọ́n ògiri tètè ń borí ẹ̀. 2.4 GHz ń lọ jìnnà sí i, àmọ́ èrò pọ̀ níbẹ̀. Tí Wi-Fi àwọn aládùúgbò bá pọ̀, ẹ yan ṣánẹ́ẹ̀lì 1, 6 tàbí 11 fún 2.4 GHz, torí àwọn mẹ́ta yìí kì í gun ara wọn.

Repeater tàbí mesh?

Repeater ni àpótí kékeré tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fi ẹ̀rọ kan náà gbọ́ tó sì tún ń fi sọ̀rọ̀, ìyára á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Ó tó fún WhatsApp àti kíka ìròyìn.

Mesh ni ráútà méjì tàbí mẹ́ta tó ń bára wọn ṣiṣẹ́ lábẹ́ orúkọ Wi-Fi kan ṣoṣo. Bí ẹ ṣe ń gòkè, fóònù yín á bọ́ sára èyí tó sún mọ́ ọn. Ó wọ́n ju repeater lọ, àmọ́ òun ló dáa jù nínú èyí tí ò nílò wáyà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé wọ́n á gbé ìkejì sínú yàrá tí Wi-Fi ò dé. Tí òun náà ò bá gbọ́ ti ìsàlẹ̀, kí ló fẹ́ pín? Orí àtẹ̀gùn, níbi tí Wi-Fi ṣì ti lágbára, ni kí ẹ gbé e sí.

Wáyà tó fara pamọ́ ló borí gbogbo ẹ̀

Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tí ẹ fi access point sí ìparí ẹ̀, á jẹ́ kí òkè yára bíi ìsàlẹ̀. Cat5e tàbí Cat6 lè gbé 1 Gbps dé mítà 100. Ẹ ra èyí tó jẹ́ kọ́pà gidi, torí àwọn kan wà tó jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n kàn fi kọ́pà bò. Ibi tó lè gbà láì hàn rèé:

- Páìpù inú ògiri tó ṣófo, tàbí èyí tí wáyà díìṣì àtijọ́ wà nínú ẹ̀. Ẹ so wáyà tuntun mọ́ ti àtijọ́, kí ẹ fi í fà á wọlé.
- Inú ihò tí páìpù omi gbà sọ̀kalẹ̀, àti òkè síìlì.
- Ara ògiri ìta, nínú páìpù. Èyí tí wọ́n ṣe fún oòrùn àti òjò ni kí ẹ rà, kí ẹ má sì jẹ́ kó gun ara irin òrùlé, nítorí mànàmáná.

Tí ẹ ò bá lo díìṣì yẹn mọ́, wáyà ẹ̀ fúnra ẹ̀ lè gbé íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá fi adápítà MoCA méjì sí i, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Tí díìṣì bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, ẹ má ṣe é, àwọn méjèèjì á máa dí ara wọn lọ́wọ́.

Ẹ kìlọ̀ fún oníṣẹ́ yín: wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti wáyà iná ò gbọ́dọ̀ wà nínú páìpù kan náà. Bí èèpo wáyà iná bá bó, iná lè gba ibẹ̀ dé ara ẹni tó bá fọwọ́ kan ráútà.

Ráútà àtijọ́ tó wà nílé lè ṣe access point. Ẹ pa DHCP ẹ̀, kí ẹ sì ki wáyà bọ ojú LAN, kì í ṣe WAN.

Èyí tó ń gba inú wáyà iná ńkọ́?

Adápítà powerline máa ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba inú wáyà iná láti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan dé òmíràn. Nílé tiwa, ìṣòro ẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Tí ìsàlẹ̀ àti òkè bá wà lórí féèsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó lè má ṣiṣẹ́ rárá. Ariwo jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà náà lè dà á rú. Kò sì fẹ́ stabilizer tàbí extension, ara sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri gan-an ni kí ẹ kì í bọ. Tí ẹ bá máa rà á, ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tó máa gbà á padà tí ò bá ṣiṣẹ́.

Tí wọ́n bá mú iná lọ

Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tí ẹ fi kún un ló ń fẹ́ iná. Tí ti ìsàlẹ̀ bá kú, ti òkè á máa tàn lásán ni. Ẹ fi gbogbo wọn sórí ínfátà, tàbí kí ẹ ra UPS kékeré tí wọ́n ṣe fún ráútà. Ẹ wo ara adápítà ráútà yín dáadáa: ọ̀pọ̀ ń lo fóltì 12, àwọn mìíràn 9 tàbí 5. Èyí tí ò bá bá a mu lè bà á jẹ́.

Ẹ̀yin tó ń kọ́lé lọ́wọ́

Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá kó wọlé. Kí wọ́n tó da dẹ́kìn, kí wọ́n sì tó rẹ́ ògiri, ẹ ní kí oníná fi páìpù kan sílẹ̀ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan, láti ìsàlẹ̀ dé àárín òkè, kí ó fi okùn sínú ẹ̀. Owó páìpù yẹn ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó àtigbẹ́ ògiri tí wọ́n ti kùn.

Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ gba àṣẹ lánlọ́ọ̀dù kí ẹ tó lu ihò kankan. Tí ò bá gbà, ẹ gbé ráútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ sì tún wo bó ṣe yára tó. Mesh ló kàn tí ìyẹn ò bá tó. Ẹ máa lè kó o dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó jáde.